Ta Ni Iná Orí Ìtàgé Ń Gbọ́ Tirẹ̀?

Iṣẹ́ iná orí ìtàgé ni mo ń ṣe jẹun, òun náà ni mo sì gbé wá síwájú yín lálẹ́ yìí. N kò ní sọ gbogbo rẹ̀, torí kò lè tán lálẹ́ kan. Ìbéèrè kan péré ni mo fẹ́ bá yín tú: bí àṣẹ méjì bá kan iná kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, èwo ni iná náà máa tẹ̀ lé?

Ibi ìgbéyàwó kan ní Maitama, níhìn-ín ní Àbújá, ni ìbéèrè yìí ti ká mi lára jù. Inú ọgbà ilé kan ni wọ́n ti ṣe é, lábẹ́ téǹtì funfun ńlá. Àlejò ni mo jẹ́, wọn kò pè mí fún iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kan, ojú rẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀; ẹ̀gbẹ́ ọmọkùnrin tó ń darí iná ni mo gbé àga mi lọ. Nígbà tí àwọn èèyàn ń jẹun, iná búlúù tó tutù ló kún inú téǹtì, ó sì dára lójú. Àdéhùn ni pé bí tọkọtaya bá ti fẹ́ wọlé, kí gbogbo ibẹ̀ di àwọ̀ wúrà, nítorí aṣọ òkè aláwọ̀ wúrà ni wọ́n wọ̀. Olùdarí ètò ti ń ké sí wọn, gángan ti ń kì wọ́n, ọmọ náà sì ti fédà wúrà, bọ́tìnnì tí à ń tì sókè tàbí fà wálẹ̀ láti darí ìmọ́lẹ̀, sókè títí tó fi kan òpin. Wúrà kò jáde. Píǹkì ló jáde, píǹkì tó ń fẹ́ di elése àlùkò, aṣọ òkè tí wọ́n fowó gidi hun sì wá dà bí aṣọ tí wọ́n fi osùn pa.

Ọmọ náà tún ti fédà, bí ẹni pé ó kù díẹ̀ kó dé ibi tó ń lọ. Kò sí ibi tó kù. Òógùn bò ó. Mo tẹ̀ sí i létí, mo ní, “Àbúrò mi, fa búlúù wálẹ̀.” Bó ti fà á wálẹ̀ ni wúrà tàn káàkiri. Ṣùgbọ́n tọkọtaya ti dé orí àga wọn nígbà yẹn, kámẹ́rà sì ti gba èyí tó gbà. Mo rí ìyá ìyàwó tó ń wo òkè téǹtì, n kò sì gbàgbé ojú tó fi wò ó.

Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára ẹ̀rọ náà. Iná dára, wáyà dára, ọmọ náà kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Òfin kan ló wà nínú kọ́ńsóòlù, ẹ̀rọ ìdarí iná, tí ẹ̀rọ náà fi ń parí ìjà láàárín àṣẹ àti àṣẹ. Òfin yẹn ni ọmọ náà kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí kọ́ńsóòlù jẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá rí i, pẹ̀lú bọ́tìnnì àti fédà rẹpẹtẹ lórí rẹ̀, máa ń rò pé ibẹ̀ ni agbára iná ti ń wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára ń gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ bá iná, láti ara jẹnẹrétọ̀ tàbí láti ara NEPA, tí a ṣì ń pè bẹ́ẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ yẹn ti kúrò nílẹ̀ láti 2005. Ohun tó ń jáde lára kọ́ńsóòlù kò ju ọ̀rọ̀ lọ. Wáyà tín-ín-rín kan ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà, nọ́ńbà lásán sì ni, láti 0 dé 255. 0 ni kí iná kú, 255 ni kó tàn dé góńgó.

Èdè tí a fi ń sọ ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ DMX512. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìtàgé ní Amẹ́ríkà, USITT, ló gbé e jáde ní 1986. Kí wọ́n tó gbé e jáde, èdè ilé-iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ẹni tó bá ra kọ́ńsóòlù lọ́wọ́ ọ̀kan tó sì ra dímà, ẹ̀rọ tó ń fi kún ìmọ́lẹ̀ tàbí dín in kù, lọ́wọ́ òmíràn, ó ti fowó ra ìyọnu. Láti mọ bí DMX ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ fojú inú wo akéde kan tó ń kọjá lójú pópó tó ní ilé 512. Akéde yìí kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Á kọ́kọ́ lu agogo pé òun ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà á ka nọ́ńbà kan fún ilé kìíní, á ka òmíràn fún ilé kejì, títí á fi kà dé ilé tó kẹ́yìn. Onílé kọ̀ọ̀kan ń bá a kà á lọ. Tó bá kan tirẹ̀, á mú un, á sì di etí sí ti ẹlòmíràn. Bí akéde bá dé òpin, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ilé 512 náà, ó lè yí pópó yẹn ká ní nǹkan bí ìgbà 44 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyẹn tí iná fi lè rọra ṣú tàbí kó rọra mọ́ lójú wa.

Ilé kan, nọ́ńbà kan. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi fìdí sí nìyẹn. Akéde kò lè dé ojúlé kan kó ní, “Bàbá ní kẹ́ ẹ tàn, ìyá ní kẹ́ ẹ kú, ẹ yan èyí tó bá wù yín.” Kò sí àyè fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú DMX. Iná kò ní làákàyè tó máa fi yàn, kò sì lè pe akéde padà láti béèrè pé èwo ni kóun ṣe. Nítorí náà, bí awuyewuye bá wà, inú kọ́ńsóòlù ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti parí rẹ̀ kí akéde tó jáde sí pópó. Oníná tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀ níbẹ̀, ìdájọ́ nìkan ló máa rí, kò ní mọ ohun tó fà á.

Iná kan kì í sábà jẹ́ ilé kan ṣoṣo. Iná pá kékeré tí à ń tò sí ẹsẹ̀ ògiri lè gba ilé méje, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní ìkànnì: ọ̀kan fún bó ṣe máa mọ́lẹ̀ tó, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fún un ní àdírẹ́sì 1, láti 1 dé 7 di tirẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e á bẹ̀rẹ̀ láti 8. Moving head, iná tó ní ọrùn tó ń yí kiri, lè gba ìkànnì 16, èyí túmọ̀ sí pé 32 irú rẹ̀ péré ni pópó kan lè gbà. Àwọn pá olówó pọ́ọ́kú kan sì wà tí wọn kì í gbà ju mẹ́ta lọ, pupa, ewé àti búlúù, tí wọn kò ní ìkànnì ìmọ́lẹ̀ rárá. Ẹ má gbàgbé àwọn wọ̀nyẹn, a ń padà bọ̀ wá bá wọn.

Ní ti kí iná yí ọrùn, 255 kì í tó. Ọ̀pọ̀ moving head ló ń yí dé dígírì 540, ìyẹn odindi ìyípo kan àti ààbọ̀. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 256, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan á lé díẹ̀ ní dígírì méjì. Ó jọ ohun kékeré, àbí? Ṣùgbọ́n bí iná bá jìnnà ní mítà 20 sí ibi tó ń tàn sí, ìṣísẹ̀ kan yẹn á sún ìmọ́lẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 74: ó ti fi ojú ìyàwó sílẹ̀, ó ti bọ́ sí ti ọkọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún ọrùn ní ìkànnì méjì, ọ̀kan fún ìṣísẹ̀ ńlá, ọ̀kan fún ìṣísẹ̀ kékeré, tí ìṣísẹ̀ fi di 65,536. Ní mítà 20 yẹn náà, ìṣísẹ̀ kan kò wá ní tó mílímítà mẹ́ta mọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìjà àṣẹ. Láyé àwọn bàbá wa nídìí eré, kò sí irú rẹ̀. Nígbà tí Hubert Ogunde dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, tí àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó tó tẹ̀ lé e sì ń gbé eré láti ìlú dé ìlú, ìlú tí kò bá ní iná mànàmáná, àtùpà gáàsì ni. Àtùpà kan, olùtọ́jú kan: ẹni tó tàn án náà ló ń dín in kù. Ìjà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí fédà méjì di iná kan náà mú.

Ẹ wò ó báyìí. Fédà kìíní ní ìmọ́lẹ̀ ìran ọjà, ìkejì ní ti ìran ààfin. Iná iwájú ìtàgé kan wà nínú méjèèjì: nínú ti ọjà, 100 ni, nínú ti ààfin, 180 ni. A wá gbé fédà méjèèjì sókè pọ̀. Kí ni iná yẹn máa ṣe? Kí kọ̀ǹpútà tó wọ inú kọ́ńsóòlù, fóltéèjì ni fédà ń rán jáde, láti 0 dé 10, àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ náà sì ń fi dáyóòdù sójú ọ̀nà fédà kọ̀ọ̀kan. Dáyóòdù dà bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí sí apá kan ṣoṣo. Fóltéèjì tó ga jù á ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ kọjá, á sì tún ti ìyókù mọ́lé. Ibẹ̀ ni òfin àkọ́kọ́ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, nínú wáyà fúnra rẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, wọ́n kọ òfin kan náà sínú rẹ̀. HTP ni àwa oníṣẹ́ ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ẹni tó ga jù ló borí.

Ẹ ti rí irú rẹ̀ ní gbàǹjo. Ẹnì kan ní òun máa san ọgọ́rùn-ún, ẹlòmíràn ní ọgọ́sàn-án, ọjà di ti ẹni tó pe ọgọ́sàn-án. Bí ìyẹn bá wá yọwọ́, ọgọ́rùn-ún ṣì dúró, ọjà kò ní jókòó láìní olówó. Oore ńlá ni èyí lórí ìtàgé. Bí a bá ń mú ìran ọjà kúrò tí a sì ń gbé ti ààfin wọlé, òṣèré tó wà láàárín méjèèjì kò ní bọ́ sínú òkùnkùn tó ti lè fẹsẹ̀ kọ. Fún ìmọ́lẹ̀, n kò tíì rí òfin tó dára ju ìyẹn lọ.

Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ nìkan ló bá mu. Ní 1981, ẹgbẹ́ olórin Genesis láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àwọn iná kan jáde ní Barcelona, ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, tí wọ́n ń yí ara wọn, tí wọ́n sì ń pa àwọ̀ dà láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Vari-Lite ni orúkọ wọn. Bí irú iná bẹ́ẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, nọ́ńbà tí kọ́ńsóòlù ń rán kúrò ní ti ìmọ́lẹ̀ nìkan. Ẹ wá wo bí gbàǹjo ṣe máa rí níbẹ̀. Fédà kan ní kí iná kọjú sí àga ọba, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 40. Òmíràn ní kó kọjú sí àwọn akọrin, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 200. Bí a bá ní ẹni tó ga jù ló borí, iná yẹn kò ní kọjú sí ọba mọ́ níwọ̀n ìgbà tí fédà akọrin bá ṣì wà lókè. Ṣé ọ̀tún ga ju òsì lọ ni? Nọ́ńbà yẹn ń júwe ibi tí iná máa dojú kọ, kò sọ ohun tó tóbi.

Òfin kejì ló wúlò níbẹ̀, LTP, ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló borí. Àwọn àgbà ti fún wa ní ọ̀rọ̀ fún un tipẹ́: ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Àṣẹ ọba tó wà lórí ìtẹ́ ni ìlú ń tẹ̀ lé, a kì í béèrè bóyá èyí tó wàjà lágbára jù ú lọ. Fédà tí ọwọ́ gbé sókè kẹ́yìn ni ọrùn iná máa gbọ́ tirẹ̀, ì báà jẹ́ 40, ì báà jẹ́ 200. Bí a bá sọ fédà yẹn kalẹ̀, kọ́ńsóòlù lè dá àṣẹ padà fún èyí tó ṣáájú rẹ̀, ó sì lè fi ọrùn sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí oníná bá ṣe ṣètò rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí inú téǹtì. Àwọn pá onímẹ́ta yẹn ni wọ́n tò síbẹ̀, àwọn tí kò ní ìkànnì ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí kọ́ńsóòlù kò rí ìkànnì ìmọ́lẹ̀ lára wọn, pupa, ewé àti búlúù ló kà sí ìmọ́lẹ̀, ó sì fi òfin gbàǹjo mú wọn. Fédà oúnjẹ ní búlúù 255. Fédà wúrà ní pupa 255, ewé 130, búlúù 0. Nígbà tí méjèèjì jọ wà lókè, pupa tó ga jù jẹ́ 255, ewé tó ga jù jẹ́ 130, búlúù tó ga jù jẹ́ 255. Ẹ pò wọ́n pọ̀, píǹkì yẹn gan-an ló máa yọ. Ọmọ náà ì bá ti fédà wúrà títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní yí padà, nítorí ohun tí wúrà ń béèrè ni pé kí búlúù má sí níbẹ̀, òdo kò sì lè borí ní gbàǹjo láé. Bó bá jẹ́ pé ó ti gbé àwọ̀ sábẹ́ òfin ẹni-tó-kẹ́yìn kí àlejò tó dé, bó ti fọwọ́ kan fédà wúrà báyìí ni búlúù ì bá ti gba ilé lọ. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti ṣe. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn nítorí mo mọ̀ pé kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Eré orí ìtàgé ní ìlànà tirẹ̀ lórí ìjà àṣẹ yìí. Ní 1975, nígbà tí eré A Chorus Line dé Broadway ní New York, Tharon Musser, obìnrin tó ṣètò iná rẹ̀, lo kọ́ńsóòlù oní-kọ̀ǹpútà tó ń rántí nǹkan, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Broadway. Irú kọ́ńsóòlù yẹn ni gbogbo wa ń lò báyìí. Oníná á ti to ìmọ́lẹ̀ apá kọ̀ọ̀kan nínú eré sínú ohun tí à ń pè ní kíù, kíù 1, kíù 2, kíù 3. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló kù kó máa tẹ̀.

Ká ní eré Ṣàǹgó kan la fẹ́ ṣe. Ní kíù 5, ọba jókòó, a fi pupa sí àga rẹ̀ ní 200. Ní kíù 6, Ọya wọlé láti apá òsì, iná tirẹ̀ nìkan la kọ síbẹ̀. Ní kíù 7, Gbọ̀nkáà dìde, a kọ tirẹ̀ náà. Ní kíù 8, mànàmáná kọ lẹ́ẹ̀kan. A kò dárúkọ àga ọba nínú 6, 7 àti 8, síbẹ̀ àga náà ṣì pọ́n, torí òfin tí kíù 5 ṣe kò tíì sí ẹni tó fagi lé e. Tracking ni wọ́n ń pe èyí, mo sì gbà pé kò sí ìlànà tó yẹ eré jù ú lọ. Bí adarí eré bá jókòó níwájú nígbà ìdánrawò tó ní pupa yẹn ti pọ̀ jù, kíù 5 nìkan ni oníná á tún ṣe, á sọ ọ́ di 150, mẹ́ta tó tẹ̀ lé e á sì gbọ́ fúnra wọn. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, á ní láti tún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú eré tó sì ní igba kíù, ẹ mọ ohun tíyẹn máa jẹ́.

Ewu rẹ̀ ni pé òfin àtijọ́ lè tẹ̀ lé wa dé ibi tí a kò pè é sí. Ní kíù 9, a ti kúrò láàfin, a ti wọ igbó, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì rántí sọ pé kí iná àga ọba kú, pupa rẹ̀ á máa tàn láàárín igbó. Ẹni tó mọṣẹ́ á wá fi ìdènà sí kíù 9, á kọ ipò gbogbo iná síbẹ̀ pátápátá, bí ọba tuntun tó tún gbogbo òfin ìlú kà lọ́jọ́ ìwúyè rẹ̀ kí ohunkóhun má bàa ṣẹ́ kù láti ayé ẹni tó lọ. Mo máa ń fi ìdènà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìran kọ̀ọ̀kan, n kì í dúró kí ó di dandan.

Ọwọ́ oníná fúnra rẹ̀ wà lókè gbogbo ìwọ̀nyí. Ohun tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ sínú kọ́ńsóòlù nísinsìnyí, tí kò tíì fi pamọ́ sínú kíù kankan, ló máa ń borí kíù àti fédà. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójijì, ọwọ́ èèyàn ló gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá pè mí lóru pé moving head kan ti ya alágídí, pé kò gbọ́ ti kíù mọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ mi ni pé, “Ṣé ẹ ti tẹ bọ́tìnnì Clear?” Ẹnì kan ti yí iná yẹn lọ́sàn-án, bóyá ó fẹ́ fi wo ojú pátákó, ó sì gbàgbé láti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀sán ló ṣì dì í mú lóru.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ní Àbújá pàápàá? Èkó ní Tíátà Orílẹ̀-èdè ní Iganmu, tí wọ́n kọ́ nítorí FESTAC 1977, tó sì ń jẹ́ orúkọ Wole Soyinka láti 2024. Ní tiwa níbí, Millennium Tower àti ilé àṣà tó wà nínú ètò rẹ̀ ti jókòó láìparí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbọ̀ngán hòtẹ́ẹ̀lì ló wá di ilé eré fún wa. Ní Maitama, hòtẹ́ẹ̀lì Transcorp Hilton tó wà ní òpópónà Aguiyi Ironsi ti ń gbàlejò láti 1987, láti ayé tó ń jẹ́ Nicon Noga Hilton, Congress Hall rẹ̀ sì wà lára àwọn gbọ̀ngán tí ìlú yìí mọ̀ jù fún àpérò àti àríyá. Gbọ̀ngán tí wọ́n kọ́ fún àpérò yàtọ̀ sí tíátà. Nínú tíátà, iná ti wà lókè, àdírẹ́sì ti wà lára rẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Nínú gbọ̀ngán tí a háyà, ẹnì kan á gbé pá wá, ẹlòmíràn á gbé moving head wá, ilé náà sì ní iná ògiri tirẹ̀ tí bọ́tìnnì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Òru ni gbogbo wọn máa pàdé, ètò sì ti di òwúrọ̀. Ọba ti pọ̀ láàfin.

Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n so wáyà kọ́ńsóòlù méjì pọ̀ mọ́ ara wọn kí àwọn méjèèjì lè darí iná kan náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Akéde méjì tó ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà ní pópó kan ni. Kò ní sí gbàǹjo, kò ní sí ẹni-tó-kẹ́yìn, torí kò sí adájọ́ lórí wáyà. Iná á máa gbọ̀n, á máa ṣẹ́jú bí ẹni tí ibà mú. Ẹ̀rọ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó gba ọ̀rọ̀ kọ́ńsóòlù méjì, kó dá ẹjọ́ láàárín wọn, kó sì rán nọ́ńbà kan ṣoṣo jáde. Ẹ fi sáàárín.

Bó bá jẹ́ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ ń lò, ìlànà tuntun wà. Artistic Licence ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé Art-Net jáde ní 1998, sACN sì di ìlànà ní 2009. Ohun tó wù mí nínú sACN ni pé kọ́ńsóòlù kọ̀ọ̀kan ń gbé ipò rẹ̀ dání, láti 0 dé 200, bí ìgbà tí olóyè kọ̀ọ̀kan wọlé pẹ̀lú àmì oyè rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, 100 ni ipò gbogbo wọn. Ẹni tí ipò rẹ̀ ga ni iná máa gbọ́, kódà bó bá ní kí iná kú tí ẹni tó kéré sì ní kó tàn. Ẹ ṣàkíyèsí pé èyí yàtọ̀ sí gbàǹjo: níbí, òdo tó ti ẹnu àgbà jáde ń borí 255 tó ti ẹnu kékeré jáde. Ìgbà tí ipò bá dọ́gba nìkan ni wọ́n sábà máa ń padà sí ẹni tó ga jù. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé kọ́ńsóòlù wọ gbọ̀ngán tó ti ní tirẹ̀, tí méjèèjì sì wà ní 100, ẹ ti padà sínú téǹtì píǹkì yẹn.

Ipò yìí tún wúlò fún ìṣòro tí gbogbo wa mọ̀. Iná tó ń lọ sára kọ́ńsóòlù já, kọ́ńsóòlù kú. Kó tó tan ara rẹ̀ padà, ìṣẹ́jú mélòó kan ti kọjá, ọ̀pọ̀ iná á sì dúró bó ṣe wà tàbí kó ṣú pátápátá, bí wọ́n bá ṣe ṣètò rẹ̀ lára. Bí kọ́ńsóòlù kejì bá wà nílẹ̀ ní ipò 90 nígbà tí ti àgbà wà ní 100, iná kò ní dá sí kejì rárá níwọ̀n ìgbà tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀. Bí àgbà bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì àti ààbọ̀, ìlànà gbà pé ó ti lọ, kejì á sì gba iṣẹ́. Ẹni tí kò ní owó kọ́ńsóòlù kejì, kó ra UPS kékeré kan, bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró bí iná bá lọ, sábẹ́ èyí tó ní. Kọ́ńsóòlù kì í jẹ iná púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń háyà gbọ̀ngán ní Maitama, ní Wuse, ní Garki, ẹ̀yin ìyá ìyàwó àti bàbá ọkọ, ẹ̀yin ẹgbẹ́ òṣèré, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín. Ẹ fún oníná yín ní wákàtí méjì nínú gbọ̀ngán tó ṣófo kí àlejò àkọ́kọ́ tó dé. Ẹ jókòó tì í. Ẹ ní kó gbé fédà oúnjẹ sókè, kó sì gbé ti ìwọlé tọkọtaya lé e láìsọ tàkọ́kọ́ kalẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo àwọ̀ tó máa yọ lójú ara yín. Bí kò bá jẹ́ èyí tẹ́ ẹ sanwó fún, àyè ṣì wà nígbà yẹn láti tún un ṣe.